Ara Àyágbé àti Ọwọ́ Tẹlifíṣọ̀n: Ìmọ̀lára àti Ojúlówó Ara Ènìyàn Nínú Ìwé Méjì Tí Amos Tutùọlá Kọ

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀ ara ènìyàn tí a fi ẹ̀rọ kún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú nìkan mọ́. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ gbọ́ràn, àwọn kan ti fi ẹ̀rọ ríran, àwọn mìíràn sì ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ohun tí irú ara bẹ́ẹ̀ ń rí, tí ó sì ń gbọ́, jẹ́ ojúlówó? Nínú iṣẹ́ yìí, a wá ìdáhùn lọ sínú ìwé méjì tí Amos Tutùọlá kọ. Èrò wa ni pé kì í ṣe ohun tí a fi ṣe ẹ̀yà ara ni ó ń sọ ọ́ di ojúlówó tàbí ayédèrú. Ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún, àti bóyá ó ń mú ẹni tí ń lò ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ni ó yẹ kí a wò. A fi òṣùwọ̀n yìí wọn ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí a ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú etí, a sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan ìró ohùn èdè Yorùbá àti iṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwà lẹwà. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí ìwà tó fojú hàn, ara ni a kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara ni ẹnu ọ̀nà tí ayé ń gbà wọlé tọ̀ wá. Bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe wá ń fọwọ́ kan àwọn ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti oníṣègùn nìkan. Ó ti di ti onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ pẹ̀lú.

Nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women, tí ó jáde ní ọdún 1997, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tọ́ka sí i pé àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn ayé gbé ojú ga ju àwọn ẹ̀yà ìmọ̀lára yòókù lọ, tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa ayé bí ẹni pé ohun tí a ń wò ni. Ó ní ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi ìmọ̀lára ni wọ́n fi ń mọ ayé, pàápàá jù lọ ìgbọ́ràn. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà nínú èdè wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, gbọ́, ni a fi ń sọ pé a gbọ́ ohùn, a gbọ́ òórùn, a sì gbọ́ èdè. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kì í ṣe ẹni tí ìró rẹ̀ kàn dún sí létí. Ẹni tí ó yé ni. Nítorí náà, bí a bá ń bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìmọ̀lára nínú ara tí a fi ẹ̀rọ kún, etí ni Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè.

Ìdí mẹ́ta ni a fi yan Tutùọlá. Èkíní, ọmọ agbègbè wa ni. Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní ọdún 1920, Ìbàdàn ni ó sì kú sí ní ọdún 1997. Èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ The Palm-Wine Drinkard (1952) àti My Life in the Bush of Ghosts (1954), inú àlọ́ Yorùbá ni ó ti fa omi wọn. Kọ́lá Ògúnmọ́lá rí èyí tí ó fi sọ ìwé àkọ́kọ́ di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní ọdún 1963. Ẹ̀kẹta, tí àwọn olùṣelámèyítọ́ kì í sábà tẹnu mọ́, ni pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni Tutùọlá. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi iṣẹ́ irin sin ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, kí ó tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń so irin pọ̀ tí a sì ń tú u ni ó kọ̀wé nípa ara tí a so pọ̀ tí a sì tú.

Ọgbọ́n Ìtúpalẹ̀

Àwọn àgbà ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ ènìyàn; bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni; rẹ́kú-rẹ́kú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yìí ni a fi ṣe òpó tí iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé òwe náà kò sọ pé àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í ṣe ṣòkòtò. Aṣọ gidi ni, ó sì lè dára ju ti ẹni lọ. Ohun méjì ni ó sọ. Ó ní ẹlòmíràn ni ó ni ín, ó sì ní ara ẹlòmíràn ni wọ́n fi wọ̀n. Bákan náà, ohun tí ó pè ní ohun ẹni kò pọn dandan kí ó jẹ́ ohun tí a bí mọ́ ni. Télọ̀ ni ó rán an.

Èyí bá èrò Yorùbá nípa ara mu. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, Ọbàtálá ni ó mọ ara, ilé Àjàlá alámọ̀ ni ẹ̀dá sì ti yan orí. A jẹ́ pé kò sí ara kankan tí kò ní ọwọ́ oníṣẹ́ nínú. Ẹni tí ó bá ní ara tí a bí mọ́ ni nìkan ni ojúlówó, pé ohunkóhun tí ọwọ́ bá dá jẹ́ ayédèrú, èrò ibòmíràn ni ó ń sọ. Ìbéèrè tí òwe wa gbé kalẹ̀ yàtọ̀: ta ni ó ni ín, ara ta ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n?

Ọkùnrin Pípé

Gbogbo ẹni tí ó mọ ìtàn Ọ̀mùtí ni ó mọ ti ọmọbìnrin tí ó kọ gbogbo ọkùnrin tí wọ́n mú wá fún un, tí ó wá rí ọkùnrin arẹwà kan ní ọjà, tí ó sì tẹ̀ lé e lọ. Nígbà tí wọ́n dé inú igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tí ó yá a lọ́wọ́ wọn. Ó kọ́kọ́ yọ ẹsẹ̀ kan, ó yọ èkejì. Ó dá ikùn, ìhà, àyà, apá àti ọrùn padà, títí dé ẹran àti awọ tí ó bo orí. Bí ó ti ń dá a padà ni ó ń san owó rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, agbárí lásán ni ó kù.

Bí wọ́n ti sábà ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn yìí ni pé kí ọmọbìnrin máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, kí ó má sì máa fi ẹwà yan ọkọ. A kò ní kí wọ́n má kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yìí kéré sí ohun tí ó wà nínú ìwé. Ó di gbogbo ẹ̀bi lé ojú ọmọbìnrin náà, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò purọ́ fún un. Ẹsẹ̀ gidi ni ó rí, àyà gidi ni ó rí. Ọ̀mùtí fúnra rẹ̀, tí ó ti mọ àṣírí ọkùnrin náà kí ó tó rí i, sunkún nígbà tí ó rí ẹwà rẹ̀, nítorí pé a kò dá òun ní irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ó rántí pé agbárí ni ó tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìmọ̀ tí ó ní kò pa ohun tí ojú rẹ̀ rí rẹ́. Èyí jẹ́ kí a mọ̀ pé ìmọ̀lára lè jẹ́ òtítọ́ kí ohun tí a ń mọ̀ lára sì jẹ́ ẹ̀tàn.

Kí ni ó wá jẹ́ ẹ̀tàn níbẹ̀? Pípé ọkùnrin náà ni. Ó fi ara hàn bí ẹni tí ó ni gbogbo ohun tí ó gbé wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ gbèsè ni ó gbé wọ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé orí. Ìdá owó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ra ẹsẹ̀ náà ni, tí ó sì di tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Yíyá ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ náà ti ibòmíràn wá.

Owó Ẹyọ Ọrùn

Ohun kejì tí a fi kún ara nínú ìtàn yìí kì í ṣe ti ọkùnrin náà. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé ilé agbárí, wọ́n so owó ẹyọ kan mọ́ ọn lọ́rùn. Owó ẹyọ yìí ń pariwo burúkú bí ó bá fẹ́ sá lọ, ó sì sọ ọ́ di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Kódà lẹ́yìn tí Ọ̀mùtí gbà á sílẹ̀ tí ó mú un padà sílé, owó ẹyọ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì padà àfi ìgbà tí Ọ̀mùtí rí ewé tí ó tú u.

Ohun tí a fi kún ara ni èyí pẹ̀lú, iṣẹ́ rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e rù kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ó ń ké sí olówó rẹ̀, ó sì ń pa ẹni tí ó gbé e lẹ́nu mọ́. Ara tí a fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kún kò pọ̀ sí i, dídín ni ó ń dín. Nínú lítíréṣọ̀ wa, ara àrà ọ̀tọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì: nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Fágúnwà fún wa ní Èfòìyẹ̀, ọlọ́fà tí ìyẹ́ wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pe Èfòìyẹ̀ ní ayédèrú, nítorí pé ohun tí ó wà lára rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún un àti fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Iwin Ọlọ́wọ́ Tẹlifíṣọ̀n

Ní ọdún 1954 tí My Life in the Bush of Ghosts jáde, kò tíì sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, Tutùọlá ti fi tẹlifíṣọ̀n sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin iwin kan ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Ọmọkùnrin tí ó ti sọnù sínú igbó iwin láti ìgbà èwe pàdé obìnrin yìí, tí egbò bo gbogbo ara rẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ kí ó máa fi ahọ́n lá egbò náà lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá kí ó lè jinná. Láti mú un gbà, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i, ọmọkùnrin náà sì rí ìlú rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn wọn. Bí ó ti ń gbádùn ọ̀rọ̀ wọn lọ́wọ́ ni iwin náà gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kò sì rí nǹkan kan mọ́ àyàfi ọwọ́ náà.

Ibí yìí ni a rò pé òye Tutùọlá jinlẹ̀ jù lọ. Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣé àfojúbà wá ni ohun tí a rí nínú àtẹ́lẹwọ́ iwin, tàbí ìròyìn? Ìtàn náà dáhùn. Nínú ọwọ́ náà, ọmọkùnrin yìí rí i tí obìnrin kan gbé ọmọ elégbò wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì rí ewé tí ìyá rẹ̀ já fún un. Ewé yìí kan náà ni òun náà já nínú igbó, tí ó fi wo iwin náà sàn. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀rọ fi hàn án kì í ṣe irọ́. Ewé tí ó rí nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ lára gidi. Ẹni tí ó bá sọ pé ìmọ̀lára tí ó bá ti inú ẹ̀rọ wá jẹ́ ayédèrú kò ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé lé nínú ìwé yìí.

Ṣùgbọ́n ohun méjì kù. Èkíní, owó ìran náà wúwo. Ahọ́n ni wọ́n ní kí ó fi san án, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ kí ó fi ìtọ́wò ra ìríran. Èkejì, ọwọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbà tí ó wu olówó rẹ̀ ni ó ń tàn, ìgbà tí ó wù ú ni ó ń kú. Ìyá rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò sì lè fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí ara iwin náà yá, tí ó tún na ọwọ́ náà sí i láti fi ọ̀nà ilé hàn án, ni ọmọkùnrin náà tó bá ara rẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀bá ìlú rẹ̀. Ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n di ohun rere ní ọjọ́ tí ó mú un délé.

Àléébù

Ó yẹ kí a sọ ibi tí Tutùọlá kù sí. Nínú ìtàn Ọkùnrin Pípé, òde ni ó ti ń wo ara náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A mọ bí ẹsẹ̀ àyágbé náà ṣe rí lójú ọjà. A kò gbọ́ bí ó ṣe rí lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ǹjẹ́ ilẹ̀ tutù sí i? Ǹjẹ́ ẹ̀gún lè gún un? Bákan náà, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀yà ara wọn yáni kò ní ohùn. A kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe láìsí ẹsẹ̀ ní ọjọ́ ọjà náà.

Ìwé kejì dí lára àlàfo yìí. Níbẹ̀, ara ọmọkùnrin náà gan-an ni àwọn iwin ń yí padà, ẹnu ara rẹ̀ ni ó sì fi ń ròyìn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di màlúù, awọ àti ìwo rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò lè jẹ koríko bí àwọn màlúù yòókù, wọ́n sì ń nà án nítorí rẹ̀. Ara ti yí, ahọ́n kò yí. Ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ó padà dé láti inú igbó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó rà á lẹ́rú láìmọ̀ pé àbúrò òun ni. Èyí fi hàn pé ojúlówó ara kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni kan ṣoṣo. Ó ní í ṣe pẹ̀lú àwọn tí yóò dá ni mọ̀.

Láti Inú Igbó Iwin Dé Ilé Ìwòsàn

Bí a bá mú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kúrò nínú ìwé, a óò rí i pé wọn kì í ṣe àlá. Ilé iṣẹ́ kan ní California, Second Sight, ṣe ẹ̀rọ ojú kan tí wọ́n pè ní Argus II. Wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé e sínú ojú àwọn afọ́jú kan kí wọ́n lè máa rí ìmọ́lẹ̀ àti àwòrán bàìbàì. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i ní ọdún 2011, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2013. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ ṣíṣe é dúró. Ní ọdún 2020, ó kù díẹ̀ kí ó wọlé pátápátá. Ó lé ní 350 ènìyàn tí wọ́n ti gbé e sójú ní àgbáyé. Bí ti ẹlòmíràn bá bàjẹ́ lára wọn, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe. Ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú ojú wọn, ṣùgbọ́n iwin ti gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Èyí tí ó kan Yorùbá jù ni ti etí. Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní cochlear implant yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí a ń fi há etí. Ẹ̀rọ àfihátí ń mú ìró pọ̀ sí i ni. Èyí tí a ń wí yìí ń gba ìró láti ẹ̀yìn etí, ó ń pín in sí ọ̀nà-ọ̀nà, ó sì ń sọ ọ́ di iná mànàmáná tí ń lọ bá iṣan ìgbọ́ràn nínú ibi tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín nínú etí. Graeme Clark àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, fi irú èyí tí ó ní ọ̀nà púpọ̀ sí etí ènìyàn ní ọdún 1978. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé tí a bí ní adití ti ti ipasẹ̀ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun rere ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Nǹkan bí 3,500 ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú etí tí ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ. Ojú iná tí ẹ̀rọ náà ní kò ju 12 sí 22 lọ. Èyí tó láti fi ìyàtọ̀ kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì hàn, ó sì ń gbé ìgbà tí sílébù ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó ń parí dáadáa. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn. Fún ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àdánù yìí kò pọ̀ jù: yóò gbọ́ ọ̀rọ̀, bí orin kò tilẹ̀ dùn mọ́ ọn. Fún ẹni tí èdè rẹ̀ jẹ́ olóhùn, ọ̀rọ̀ gan-an ni ó wà nínú ewu. Àwọn onímọ̀ ti rí i láàrin àwọn ọmọ Ṣáínà tí ń lo ẹ̀rọ yìí pé ìró ohùn máa ń ṣòro fún wọn ju fún ẹgbẹ́ wọn tí etí wọn dá ṣáṣá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n tètè fi sí létí máa ń ṣe dáadáa.

Ti Yorùbá lè le ju èyí lọ. Ohùn mẹ́ta ni a ní, ìyàtọ̀ tí ó ṣe gbòógì láàrin wọn sì ni òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Bí a bá yọ ìyẹn kúrò, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ tí a fẹ́, ọkọ̀ tí a wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun di ẹyọ kan. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì Yorùbá láìgbọ́ ohùn rẹ̀ ń rí ìyá rẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ iwin. Ó rí i, ó gbọ́ ọ, kò sì tíì délé.

Àwọn baba wa ti ṣe ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ òdìkejì èyí. Ìlù dùndún kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn àti ìlù ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ní. Síbẹ̀ ó ń ki ọba, ó ń bú ọ̀tá, ó sì ń pa òwe. Igi àti awọ ni, kò sì sí ẹni tí ó pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ayédèrú. Ẹni tí ó mọ̀ pé inú ohùn ni ọ̀rọ̀ Yorùbá wà ni ó ṣe é. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin dùndún àti ẹ̀rọ inú etí kì í ṣe ti ayé àtijọ́ àti ayé òde òní. Èdè tí oníṣẹ́ ní lọ́kàn nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yà wọ́n.

Olùkọ́ ní Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń lọ fún ìkọ́ni-ṣe-é-wò lè máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wọn. Kò jìnnà. Etí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, ni Mowé àti Ìbàfò wà. Ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta àti ojú irin ni Ifọ̀ wà. Níbi tí ariwo tírélà, jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn bá ti ń wọ kíláàsì, etí tí ó dá ṣáṣá pàápàá ń ṣe wàhálà kí ó tó gbọ́ olùkọ́. Ariwo sì ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbọ́ràn, yálà èyí tí a fi há etí ni tàbí èyí tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí olùkọ́ èdè Yorùbá mú lò.

Àkọ́kọ́, kí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ ní kíkún. Ó ti di àṣà láàrin wa láti fi àmì ohùn sílẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí a ti ń kọ̀wé lórí fóònù. A máa ń sọ pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n. Èyí lè jẹ́ òtítọ́ fún ẹni tí ó ti fi etí gba ohùn náà rí. Fún ọmọ tí etí rẹ̀ kò lè gbé e, àmì orí fáwẹ̀lì ni ibi kan ṣoṣo tí ohùn náà ti ṣeé rí láìsí àní-àní. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, a ti gba etí kejì lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, kí a mú ìlù wọ kíláàsì. Nígbà tí onílù bá fún ọsán, ohùn a ròkè. Nígbà tí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Apá onílù ṣeé wò, awọ ìlù sì ṣeé fọwọ́ kàn. Ọmọ tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ igbá àti ìgbà lè fi ojú rí i lábẹ́ apá onílù, kí ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ mọ ìgbọ̀nrìrì awọ.

Ẹ̀kẹta, kí a má rò pé ẹ̀rọ nìkan ni ọ̀nà. Láti ọdún 1960 tí Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti fi èdè ọwọ́ kàwé. Ọwọ́ tiwọn ni, wọn kò yá a, kò sì sí ilé iṣẹ́ tí ó lè gbé e kúrò níwájú wọn. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kì í ṣe ara tí kò pé tí ó ń dúró de ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá dé, kí ó wá bá èdè tí ọmọ náà ti ní. Kí ó má wá lé e jáde.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti wo ohun mẹ́ta tí a fi kún ara nínú ìwé Tutùọlá: ẹ̀yà àyágbé, owó ẹyọ ọrùn àti ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n. A rí i pé ìmọ̀lára tí ó bá ti inú wọn wá lè jẹ́ òtítọ́, àti pé ohun tí ó ń sọ ara di ti ẹlòmíràn ni gbèsè, ìdarí àti ìwọ̀n tí kì í ṣe tiwa. A tún rí i pé òṣùwọ̀n yìí wúlò fún ẹ̀rọ ojú àti ẹ̀rọ etí ayé òde òní.

Kò sí agbára lọ́wọ́ olùkọ́ láti ṣe ẹ̀rọ inú etí tí yóò gbọ́ ohùn mẹ́ta wa. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti onímọ̀ fonọ́lọ́jì Yorùbá ni ó yẹ kí wọ́n jọ jókòó lé ìyẹn lórí, kí àwọn oníṣègùn tí ń dán etí ọmọ wò sì máa lo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ kò ju ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò kọ ọkọ̀ sí ojú pátákó ní Ìbàfò lọ́la, kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i.